Kẹ̀kẹ́ Nínú Yìnyín: Omi Ni Kí Ẹ Ṣọ́

Ìlú Oulu wà ní àríwá Fínlándì, létí òkun tó máa ń dì gbagidi nígbà òtútù. Ní oṣù Kínní, -10°C ni ojú ọjọ́ wọn sábà máa ń rọ̀ mọ́. -20°C kì í ṣe ìròyìn, -30°C náà sì máa ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá di àárín oṣù Kejìlá, oòrùn kì í lò ju nǹkan bí wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ lọ lójú ọ̀run. Síbẹ̀, bí ẹ bá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ Metsokangas nílùú náà láàárọ̀, kẹ̀kẹ́ ni ẹ ó máa rí tó ń wọlé: ọmọdé lórí rẹ̀, iná funfun níwájú, iná pupa lẹ́yìn, ìborùn dé imú. Nínú nǹkan bí 1,200 akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà, àwọn tó tó 1,000 ni wọ́n ní ó ń gun kẹ̀kẹ́ wá, yálà ooru mú ni o, yálà yìnyín bọ́ ni o. Kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n ní akọni. Àwọn òbí wọn ń gun tiwọn lọ síbi iṣẹ́, àwọn ìyá àgbà ń gun tiwọn lọ ra oúnjẹ.

Ọmọ Yorùbá tó ti Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ dé Calgary, Winnipeg tàbí Minneapolis yóò gbọ́ èyí, yóò sì mi orí. Ọyẹ́ ni òtútù tó mọ̀ nílé, ọyẹ́ kì í sì í ṣe ju kí ètè là, kí ẹsẹ̀ hun, kí èèyàn máa wá súwẹ́tà kiri láàárọ̀. Ní báyìí, iṣẹ́ ilé ìtọ́jú àgbàlagbà tó ń ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ní agogo méje, bọ́ọ̀sì kì í wá lásìkò, owó ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ sì ju agbára rẹ̀ lọ. Kẹ̀kẹ́ tó fi ń lọ síṣẹ́ nígbà ooru ti wà ní kọ̀rọ̀ ilé láti oṣù Kọkànlá, nítorí ó ti gbà pé òtútù ti gba ọ̀nà lọ́wọ́ òun.

Òtútù nìkan kì í sábà dá oníkẹ̀kẹ́ dúró. Omi ló ń dá a dúró. Omi ara, ìyẹn òógùn. Omi inú ẹ̀rọ, tó ń dì mọ́ wáyà àti irin. Omi ojú ọ̀nà, tó ń yọ́ lọ́sàn-án tó sì ń dì padà lóru. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń ṣọ́ omi níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣe ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ. Méjì àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ onítọ̀hún fúnra rẹ̀. Ìkẹta, ọwọ́ ìjọba ìlú ló wà.

Òógùn

Nígbà tí a bá ń tẹ pẹ́dàlì, nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá mẹ́rin agbára tí ara ń jó ló ń ti kẹ̀kẹ́ lọ. Gbogbo ìyókù, ooru ló ń dà. Ìdí rèé tí ẹni tó dúró de bọ́ọ̀sì fi ń gbọ̀n, tí oníkẹ̀kẹ́ tó kọjá níwájú rẹ̀ sì ń ṣí síìpù ọrùn jákẹ́ẹ̀tì.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í rántí èyí. Wọn a wo fóònù, wọn a rí -15°C, wọn a sì gbé ẹ̀wù ńlá tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọ̀. Kí wọ́n tó dé ìkóríta kẹta, ẹ̀yìn ti rin gbindin fún òógùn. Bí iná ojú títì bá wá dá wọn dúró, ara dẹ́kun iṣẹ́, ooru dín kù, aṣọ tútù sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Omi máa ń fa ooru kúrò lára ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ ti ń fà á lọ. Ìgbà yẹn gan-an ni òtútù tó ń pa oníkẹ̀kẹ́ máa ń wọlé, ẹni tó wọṣọ púpọ̀ ló sì máa ń bá jù.

Nítorí náà, ohun tí àwọn tó ti pẹ́ nínú rẹ̀ máa ń sọ ni pé kí òtútù mú yín díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń jáde. Bí ara bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ ti pọ̀ jù. Ẹ bọ́ ọ̀kan sílẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹsẹ̀ tó ń tẹ pẹ́dàlì yóò ti tan iná tara.

Aṣọ mẹ́ta tó fẹ́lẹ́ sàn ju ẹyọ kan tó ki lọ. Èyí tó kan ara gbọ́dọ̀ jẹ́ irun àgùntàn tó rọ̀, tàbí irú aṣọ tí àwọn eléré ìdárayá ń wọ̀, tó máa ń lé òógùn jáde. Síńgílẹ́ẹ̀tì òwú tí gbogbo wa mọ̀ kò dáa fún èyí: ó ń mu òógùn, kì í sì í tètè gbẹ. Súwẹ́tà fẹ́ẹ́rẹ́ ló wà láàárín. Jákẹ́ẹ̀tì tó wà lókè pátápátá kò ní láti nípọn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti dá afẹ́fẹ́ dúró, kí ó sì ní ibi tí èèyàn lè ṣí lábẹ́ abíyá kí ọ̀rinrin lè jáde. Bí ẹ bá dé òkè tó ga, ẹ ṣí i kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún, ẹ má dúró di ìgbà tí òógùn bá ti dé.

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀ṣọ́ ti oníkẹ̀kẹ́ ni aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ gbígbẹ kan nínú báàgì. Ẹni tó dé ibi iṣẹ́ ní agogo méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó bọ́ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tó nu ẹ̀yìn, tó pààrọ̀ àwọ̀tẹ́lẹ̀ kó tó wọ yunifọ́ọ̀mù, kò ní í gbọ̀n títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ó sì ní láti wá ibi tí èyí tó bọ́ yóò ti gbẹ kí àsìkò àtipadà sílé tó tó.

Ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ojú

Àyà àti itan kì í ṣe ìṣòro. Ìka ọwọ́, ìka ẹsẹ̀, etí àti imú ni òtútù ń bá jà. Bí ara bá rí i pé òtútù fẹ́ borí, yóò fún ẹnu àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ìka pa, kí ooru lè dúró ti ọkàn àti ẹ̀dọ̀. Ọwọ́ oníkẹ̀kẹ́ dúró sójú kan lórí irin, òun ló sì kọ́kọ́ ń pàdé afẹ́fẹ́.

Afẹ́fẹ́ yìí, oníkẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀. Láti 2001 ni Amẹ́ríkà àti Kánádà ti ń lo ìṣirò kan náà láti sọ bí òtútù ṣe ń rí lára nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́. Nínú ìṣirò yẹn, bí ojú ọjọ́ bá wà ní -15°C, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ ní kìlómítà 20 ní wákàtí kan, yóò dà bí -24 lójú ẹni tí kò bojú. Kìlómítà 20 kò sì ju bí èèyàn ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ lásán lọ. Ìjọba Kánádà kìlọ̀ pé bí òǹkà náà bá ti wà láàárín -28 àti -39, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ọgbọ̀n tó kí ẹran ara tí a kò bò dì. Bó bá wọ -40, ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá ni.

Ó yẹ kí aláwọ̀ dúdú mú èyí ní pàtàkì. Ìwádìí kan lórí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2009, fi hàn pé àwọn ọmọ ogun tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà fara gba ìpalára òtútù lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 30 ju àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ. Àwọn ìwádìí mìíràn fi hàn pé òpó ẹ̀jẹ̀ ìka tiwa máa ń pẹ́ kó tó ṣí padà lẹ́yìn tí òtútù bá ti fún un pa. Èyí kò ní ká má gun kẹ̀kẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé ìbọ̀wọ́ tó tó ọ̀rẹ́ yín òyìnbó lè má tó yín, ojú kò sì gbọ́dọ̀ tì yín láti wọ èyí tó nípọn jù ú lọ.

Ìbọ̀wọ́ tí kò pín ìka máa ń móoru ju èyí tó pín in lọ, nítorí ìka ń pín ooru fún ara wọn. Èyí tó tún sàn jù ni àpò ńlá méjì tí wọ́n ń so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, tí èèyàn á ti ọwọ́ bọ̀, búréèkì àti jíà sì wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kì í dé ibẹ̀ rárá. Ní -20°C, ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó fún èèyàn láyè láti ṣí àgádágodo ti tó nínú àpò náà.

Ní ti ẹsẹ̀, bàtà tó fún mọ́ ẹsẹ̀ ni kí ẹ sá fún. Ìbọ̀sẹ̀ méjì nínú bàtà tí kò láyè burú ju ẹyọ kan lọ, nítorí ó ń fún ẹ̀jẹ̀ pa, ó sì ń lé afẹ́fẹ́ tó yẹ kó pa ooru mọ́ jáde. Ẹ ra bàtà tó fi díẹ̀ tóbi jù yín lọ. Ọgbọ́n kan tí kò náni lówó ni pé kí ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́, kí ẹ ti ẹsẹ̀ bọ ọ̀rá, kí ẹ wá wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn lé e. Òógùn ẹsẹ̀ yóò dúró sínú ọ̀rá, ìbọ̀sẹ̀ òkè àti inú bàtà yóò sì wà ní gbígbẹ.

Ojú àti ẹnu ń fẹ́ ìborùn tàbí fìlà tó bò ó dé ọrùn. Ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu lásán mí nínú afẹ́fẹ́ tó tutù tó sì gbẹ báyìí. Ìborùn níwájú ẹnu yóò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ooru àti ọ̀rinrin díẹ̀ kó tó wọlé. Àmọ́ èémí náà, omi ni. Bí ìborùn bá ga jù, èémí yóò gba abẹ́ gíláàsì jáde, yóò sì dì mọ́ ọn. Ẹ fi etí ìborùn sísàlẹ̀ imú, kí gíláàsì lè mọ́.

A wá kan òrí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé bí a bá fi òrí pa ojú dáadáa, òtútù kò lè rí i gbé ṣe. Òrí dára fún awọ tó gbẹ, ẹ máa fi para. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí ní Fínlándì tó yẹ ọ̀rọ̀ ìpara wò láàárín àwọn ọmọ ogun wọn rí i pé ìpara kì í dá òtútù dúró, àti pé àwọn tó ń fi para ló tún fara gba ìpalára òtútù jù. Ó jọ pé ìpara ń fi ọkàn ẹni balẹ̀ débi tí kò fi ní bo ojú mọ́. Aṣọ ló ń bo ojú.

Bí ìka bá ń ta yín, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dé ibẹ̀. Bí kò bá ta yín mọ́ tí ẹ kò sì mọ̀ ọ́n lára, ẹ wọlé kíákíá. Lára aláwọ̀ funfun, ibẹ̀ á funfun. Lára tiwa, ó sábà máa ń rí bí eérú, nítorí náà ẹ má gbára lé ojú nìkan, ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ má fi yìnyín ra á, ẹ má yá iná sí i. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ ki í bọ̀, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ omi gbígbóná. Bí ibẹ̀ bá lé ròrò tàbí tó le, ilé ìwòsàn ló kàn.

Kẹ̀kẹ́ náà

Afẹ́fẹ́ kò lè mú irin tutù ju bí ojú ọjọ́ ṣe tutù lọ, nítorí náà kẹ̀kẹ́ kò mọ -24 tí ojú wa ń mọ̀. -15°C tó wà nínú afẹ́fẹ́ ni tirẹ̀. Ohun tó ń bá a jà ni gíríìsì tó ki àti omi tó dì.

Ẹ wo ohun kan tó máa ń ba àwọn tó ń gùn ún ní -20°C lẹ́rù. Ẹ jáde nílé, ẹ gorí kẹ̀kẹ́, ẹ tẹ pẹ́dàlì. Pẹ́dàlì ń yí, ṣéènì ń yí, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kò lọ. Kò sí ohun tó já. Inú fíríwíìlì, láàárín táyà ẹ̀yìn, ní eyín kéékèèké tí sípíríìnì ń ti síta láti mú kẹ̀kẹ́ lọ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Gíríìsì tí wọ́n fi sí i ní ilé iṣẹ́ ti ki, bí epo pupa ṣe ń ki nínú ìgò lásìkò ọyẹ́, sípíríìnì kò sì lágbára tó láti ti eyín náà jáde mọ́. Àwọn kan á lọ gbé omi gbígbóná dà á lé e. Yóò ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, omi náà yóò sì dì sínú rẹ̀, wàhálà á di méjì. Ohun tó tọ́ ni pé kí ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe tú u kí òtútù tó dé, kí ó nu gíríìsì kúrò, kí ó fi òróró tó ṣàn dáadáa rọ́pò rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà búréèkì. Omi tó wọ inú rọ́bà wáyà nígbà òjò oṣù Kẹwàá yóò dì ní oṣù Kejìlá, ẹ ó sì tẹ búréèkì tí kò ní gbọ́. Wáyà tuntun àti rọ́bà tuntun kí ìgbà òtútù tó wọlé kì í náni lówó púpọ̀. Búréèkì tó ń di ẹ̀gbẹ́ ríìmù mú tún ní ìṣòro mìíràn: yìnyín máa ń lẹ̀ mọ́ ríìmù, táyà á sì yí bíi lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó dì í mú. Búréèkì oníyíká tó wà láàárín táyà kì í jìyà tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ẹ ń gbé kẹ̀kẹ́ sí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Kẹ̀kẹ́ tí yìnyín kún ara rẹ̀, tí wọ́n gbé wọ pálọ̀ tó móoru, yìnyín ara rẹ̀ yóò yọ́, omi yóò ṣàn wọ inú wáyà, fíríwíìlì àti àgádágodo. Bí wọ́n bá gbé e jáde láàárọ̀ kó tó gbẹ, gbogbo omi yẹn dì síbi tó wà. Nítorí náà, ọ̀kan nínú méjì ni: ẹ jẹ́ kí ó máa gbé níbi tó tutù ní gbogbo ìgbà, tàbí kí ẹ gbọn yìnyín ara rẹ̀ dànù lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ sì fún un láyè láti gbẹ délẹ̀.

Ìyókù kò gùn. Táyà tí ẹ fẹ́ dé 60 psi lójú gééjì nínú yàrá tó wà ní 20°C yóò máa ka nǹkan bí 50 bó bá ti pẹ́ níta ní -20°C. Kò jò, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló sún kì. Bátìrì iná àti ti kẹ̀kẹ́ oníná máa ń dín agbára kù nínú òtútù. Ẹ máa gbé e wọlé, ẹ má sì fi iná sí i nígbà tó ṣì tutù ju 0°C lọ, nítorí yóò bà á jẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń da iyọ̀ sójú títì, ẹ máa nu ṣéènì, ẹ sì máa fi òróró sí i déédéé, torí iyọ̀ máa ń jẹ irin. Mọ́gáàdì tó gùn ni kí ẹ lò, kí omi ẹlẹ́gbin má máa ta sí yín lẹ́yìn.

Ojú ọ̀nà

Yìnyín pín sí oríṣiríṣi. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, tó gbẹ, tí kò sì jìn, kò ní wàhálà. Èyí tí ẹsẹ̀ àti táyà ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní -15°C le, ó sì gbẹ, táyà ń dì í mú. Òun ni àwọn ará Oulu ń gùn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Níbi tí omi bá ti wọ̀ ọ́ ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ tí mọ́tò àti iyọ̀ pò pọ̀ máa ń ti táyà iwájú sọ́tùn-ún sósì. Omi dídì tó tẹ́jú, tí omi fẹ́ẹ́rẹ́ tún wà lójú rẹ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ bá sún mọ́ 0°C, ló ń yọ̀ jù lọ. Nítorí èyí ni -2°C fi lè léwu fún oníkẹ̀kẹ́ ju -20°C lọ.

Táyà tó ní ìṣó la fi ń kojú omi dídì. Ìṣó kéékèèké ni, láti bí ọgọ́rùn-ún dé ọgọ́rùn-ún mẹ́ta lára táyà kan, orí wọn sì jẹ́ tungsten carbide, irin líle tí kì í tètè jẹ. Bí owó kò bá ju ti ẹyọ kan lọ, iwájú ni kí ẹ fi sí. Bí táyà ẹ̀yìn bá yọ̀, èèyàn ṣì lè gbà á padà. Bí ti iwájú bá yọ̀, ilẹ̀ ló kàn. Kẹ̀kẹ́ onítáyà ràgàjì tí wọ́n ń tà káàkiri báyìí, tí táyà rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹsì mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún yìnyín jíjìn tí ẹnì kan kò tú ni. Lórí ọ̀nà tí wọ́n ti tú, ó kàn ń wúwo fún ẹsẹ̀ ni.

Bí a ṣe ń gùn ún náà yàtọ̀. Ẹ sọ ìjókòó kalẹ̀ díẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè tètè kan ilẹ̀. Ẹ dín eré kù kí ẹ tó dé kọ́nà. Nínú kọ́nà, ẹ má tẹ búréèkì, ẹ má já ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lójijì. Búréèkì ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Bí ẹ bá rí omi dídì níwájú tí kò ṣeé yà fún, ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa lọ tààrà láìtẹ pẹ́dàlì, kí apá sì rọ̀ títí ẹ ó fi kọjá rẹ̀.

Ohun tí ìlú ní láti ṣe

Gbogbo èyí kò ní ràn wá lọ́wọ́ bí ọ̀nà bá wà lábẹ́ yìnyín títí di ọ̀sán. Ibi tí Oulu ti yàtọ̀ gan-an nìyí. Ìlú tí olùgbé rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní 200,000 ní ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ tó ju 900 kìlómítà lọ, ó sì ní ọ̀nà abẹ́ títì tó ju 300 lọ, tí oníkẹ̀kẹ́ ń gbà kọjá láìdúró de mọ́tò. Bí yìnyín bá bọ́ lóru, katapílà ti ń tú àwọn ọ̀nà kẹ̀kẹ́ pàtàkì kí àwọn ará ìlú tó jáde lọ síṣẹ́. Abẹ irin tó ní eyín ni wọ́n ń fi ha á, kí ojú yìnyín tó kù lè há táyà mú. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń fọ́n lé e. Iyọ̀ kò wúlò púpọ̀ fún wọn, nítorí iyọ̀ lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ́ yìnyín mọ́ bí ojú ọjọ́ bá ti kọjá nǹkan bí -10°C.

Níbi tí òtútù kò ti le tó bẹ́ẹ̀, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà. Ní Stockholm, ọkọ̀ kan á fi búrọ́ọ̀ṣì ńlá gbá yìnyín kúrò níwájú, yóò sì wọ́n omi iyọ̀ lẹ́yìn, tí ilẹ̀ á fi mọ́ kedere. Ìlú Karlskoga ní Swídìn wò ó pé títì mọ́tò ni àwọn ń kọ́kọ́ tú, nígbà tí obìnrin tó ń gbọ́mọ lọ sílé ẹ̀kọ́ ń fẹsẹ̀ rìn nínú yìnyín. Wọ́n yí i padà: ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ tú. Kò náni lówó kún èyí tí wọ́n ti ń ná tẹ́lẹ̀, mọ́tò sì rọrùn láti wà nínú yìnyín díẹ̀ ju kẹ̀kẹ́ ọmọ jòjòló lọ.

Calgary lè nira ju Oulu lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù Oulu máa ń pẹ́ jù ú. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí wọ́n ń pè ní chinook máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn, ó sì lè gbé ojú ọjọ́ sókè láti -15°C kọjá 0°C láàárín wákàtí mélòó kan. Yìnyín á yọ́, omi á kún ojú títì, àwọn ènìyàn á bọ́ jákẹ́ẹ̀tì. Bí ilẹ̀ bá ṣú, gbogbo rẹ̀ á dì padà. Ibi tí oníkẹ̀kẹ́ gbà kọjá nírọ̀lẹ́ lè má ṣeé gbà láàárọ̀. Ìlú náà ṣí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó ní ìdábòbò láàárín ìlú ní 2015, ó sì fọwọ́ sí i ní 2016 pé kí ó wà títí; ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ní ìgbèríko ìlú ṣì ní láti dé ibẹ̀ ná. Minneapolis ní Midtown Greenway tirẹ̀, ojú ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ tó gùn tó nǹkan bí máìlì márùn-ún ààbọ̀, tí wọ́n sọ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì sábà máa ń tètè tú.

Oulu ló kọ́kọ́ gba àlejò Winter Cycling Congress, ìpàdé àgbáyé lórí gígun kẹ̀kẹ́ nígbà òtútù, ní 2013. Lẹ́yìn náà ó dé Winnipeg ní 2014, Minneapolis ní 2016, àti Calgary ní 2019. Kò sí ìkankan nínú àwọn ìlú tí èèyàn wa pọ̀ sí yìí tó lè sọ pé òun kò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ yóò sinmi

Kò pọn dandan kí èèyàn gùn ún lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí òjò bá ń rọ̀ tó sì ń dì bó ṣe ń kan ilẹ̀, ẹ wọ bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ tí ìkìlọ̀ ojú ọjọ́ bá dé -40, ẹ wọ bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ tí katapílà bá kó yìnyín jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó fi jẹ́ pé mọ́tò nìkan ni ààyè kù fún, ẹ má bá wọn du ú. Ẹni tó gùn ún lọ́jọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀ ti dín owó ọkọ̀ rẹ̀ kù.

Oṣù Kẹsàn-án ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀, kí ara máa bá ojú ọjọ́ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi kan tí yìnyín ti bọ́, ẹ gun ọ̀nà ibi iṣẹ́ láìkánjú, kí ẹ sì sàmì sí ibi tí wọn kì í tú àti ibi tí omi ti máa ń dárogún. Ọ̀nà tó dára nígbà ooru lè má dára nígbà òtútù. Títì kékeré tó gba àárín ilé kọjá lè sàn ju ọ̀nà etídò tó rẹwà, tí ẹnikẹ́ni kì í tú.

Kí ẹ wá fi ibi tí ẹ sàmì sí ránṣẹ́. Ní Calgary, Winnipeg àti Minneapolis, 311 ni nọ́ńbà tí ará ìlú ń pè láti sọ fún ìjọba pé yìnyín dí ọ̀nà tàbí pé omi dì síbì kan. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ onílùú ni, pé àlejò ni yín. Owó orí tí ẹ ń san ni wọ́n fi ń ra epo sí katapílà. A lè fi aṣọ borí òógùn, a lè fi òróró borí omi inú wáyà, ṣùgbọ́n omi tó dì sójú ọ̀nà gbogbogbòò, ìlú ló ni ín. Ìlú tí kò bá sì gbọ́ ohùn oníkẹ̀kẹ́ ní oṣù Kínní yóò máa tú ọ̀nà bí ẹni pé kò sí oníkẹ̀kẹ́ kankan níbẹ̀.